Bí mo ṣe gbọ́ El sombrero de tres picos látìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ orin yìí tí mo pa á tì. Manuel de Falla, ọmọ Cádiz ní Sípéènì, ló kọ ọ́, orin ijó ni, wọ́n kọ ọ́ kí èèyàn máa wo oníjó ni, èmi wá jókòó, mo ki earpiece bọtí, mi ò rí oníjó kankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ́kọ́ wá ìtàn ẹ̀ kà. Ọkùnrin kan wà tó ń lọ ọkà fáwọn ará àdúgbò, ìyàwó ẹ̀ rẹwà, adájọ́ ìlú tó ń dé fìlà onígun mẹ́ta (ohun tí orúkọ orin náà túmọ̀ sí nìyẹn) wá ń lé ìyàwó oníyàwó kiri. Ìgbà tí mo mọ ìyẹn ni mo tó padà síbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nìkan ni mo tún gbọ́ nígbà márùn-ún: ìlù timpani dún gbì gbì, kàkàkí dáhùn, àwọn èèyàn bá ń pariwo "olé! olé!", ariwo ìwúrí àwọn ará Sípéènì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, castanets, igi kékeré méjì tí wọ́n ń pa pọ̀ lọ́wọ́, náà ò sinmi. Falla fi apá yẹn kún un kí èrò lè ráyè wo aṣọ ìkélé tí Picasso ayàwòrán yà, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní London ní July 22, 1919. Obìnrin kan wá kọrin, ó ní kí ìyàwó ilé dábùú ilẹ̀kùn ẹ̀ dáadáa, torí bí Sàtánì bá ń sùn, ó lè jí.

Mo wá ń fi ohùn àwọn ohun èlò orin mọ ẹni tó ń bọ̀. Bassoon, fèrè gígùn olóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, adájọ́ ni. Nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn láti wá mú ọkọ, ko-ko-ko-kòò tó bẹ̀rẹ̀ sínfónì karùn-ún Beethoven ni Falla fi kan án, mo dá a dúró, mo tún un gbọ́.

Ṣùgbọ́n farruca, ijó ọkọ gan-an, òun ló mú mi. Horn kan, fèrè onídẹ, pè, fèrè cor anglais fi ohùn tútù dá a lóhùn, gbogbo violin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bá fọwọ́ kan náà họ okùn bíi gìtá, gìtá kankan ò sì sí ńbẹ̀ o, ó wúwo, ó wá ń yára, ó ń yára títí ó fi já.

Tẹ́ ò bá ráyè gbọ́ gbogbo ẹ̀, suite kejì, ìyẹn àkójọ díẹ̀ lára orin náà, ní farruca yìí àti jota, ijó Sípéènì tó parí ẹ̀, nínú. Níbi jota yẹn wọ́n ti gbé adájọ́ sórí kúbùsù, wọ́n ń jù ú sókè, ìgbà yẹn èmi náà ti dìde lórí àga.