Bẹ́ ẹ ṣe máa fọwọ́ wá orí fíbúlà (eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ẹsẹ̀, láti orúnkún dé kókósẹ̀), àti ìdí tó fi ṣe pàtàkì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun ọ̀kadà l'Ákùúrẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ nọ́ọ̀sì l'Óǹdó, ẹ jókòó kẹ́ ẹ ká orúnkún. Ẹ fìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀, kẹ́ ẹ sún un sẹ́yìn, ẹ máa kan kókó kan tó le bí èkùrọ́, orí fíbúlà nìyẹn.

Ẹ wá sọ ìka kalẹ̀ díẹ̀ sí ọrùn eegun náà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà o! Nááfù, ìyẹn okùn tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara, tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè ló lọ́ mọ́ ọn níbẹ̀, kò sí ẹran gidi tó bò ó, ìyẹn ló fi tètè ń fara pa.

Torí náà tí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú lọ́nà Ọ̀bá-Ilé, tàbí wọ́n fi POP (ìdè funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó kán) di ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ ní kó gbé iwájú ẹsẹ̀ àti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè, ẹ fọwọ́ kan àárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Tí ẹsẹ̀ bá rọ jọwọlọ, dọ́kítà ni kẹ́ ẹ sáré lọ bá, ẹ má fi òróró wọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan pariwo pé POP ti fún òun jù, wọ́n ní kó fara dà á, títí dòní ló ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ rọ́ ní kókósẹ̀, ẹ tẹ òkè fíbúlà wò náà, torí eegun lè kán lókè nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló wú, ẹ̀ksíréè ìsàlẹ̀ nìkan ò sì ní fi hàn.