Wọ́n ní mo fi àṣírí mọ́ínmọ́ín pamọ́, ni mo bá lọ ra òṣùwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bí mi nínú, torí òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí. Ìyàwó wa kan wà ní Manchester, ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ dáadáa ni, ọ̀hún ni wọ́n bí i sí àmọ́ ó ń gbìyànjú Yorùbá ẹ̀, Àǹtí mi ló sì máa ń pè mí. Lọ́jọ́ kan ló ní ọ̀rẹ́ òun fẹ́ sọmọ lórúkọ, òun sì ti gbà pé òun máa gbé mọ́ínmọ́ín lọ, pé ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí mi, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń se tiyín fún mi, èyí tí mo jẹ nígbà tí a wá sílé lọ́dún Kérésì. Kí n má parọ́, orí mi wú. Mo ń da ìrẹsì lọ́wọ́, mo kàn gbé fóònù, mo ká fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́fà ránṣẹ́, látorí bíbó ẹ̀wà títí dórí ìgbà tó máa sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Àfi bó ṣe di Sátidé tí mọ́ínmọ́ín kọ̀ tí ò dì. Wákàtí méjì lórí iná, ó tú ewé, omi ló ń ṣàn, ẹ̀kọ mímu gan-an ki jù ú lọ. Wọ́n dà á nù, wọ́n lọ ra puff-puff. Ìyẹn ò tíì dùn mí o, ta ni mọ́ínmọ́ín ò bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí? Ohun tó dùn mí ni pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa, ẹnìkan (mi ò ní dárúkọ, ó mọ ara ẹ̀) kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn obìnrin kan wà tí wọn kì í júwe oúnjẹ délẹ̀, wọ́n á yọ nǹkan kan kúrò kí ti ẹlòmíì má bàa dùn tó tiwọn, ó wá fi kún un pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi! Èmi tí mo fi dátà ara mi ránṣẹ́!

Mi ò dá a lóhùn. Mo lọ gbọ́ fóìsì nóòtì mi fúnra mi, mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí pé kò sí ohun tí mi ò sọ. Ojú tì mí díẹ̀. Mo kà á, mo sọ "díẹ̀" nígbà mọ́kànlá, mo sọ "ìwọ náà á ti mọ̀" nígbà mẹ́fà, báwo ni ẹni tí ò se é rí ṣe máa mọ̀? Àmọ́ nǹkan tó ba iṣẹ́ jẹ́ gan-an, ibòmíì ló wà. Mo ní kó bu ẹ̀wà derica kan. Ó wá tẹ̀ ẹ́ sí mi pé kí ni wọ́n ń pè ní derica, mo dá a lóhùn pé agolo tòmátò ni. Ọ̀rọ̀ mi ò sì lárékérekè nínú, agolo tòmátò De Rica ńlá yẹn ni gbogbo wa fi ń wọn nǹkan lọ́jà látọjọ́ yìí, kódà tí kò bá sí tòmátò De Rica mọ́ láyé orúkọ yẹn ò ní kúrò lẹ́nu àwọn oníyẹ̀fun àti oníẹ̀wà. Ni mo bá ní kó ya fọ́tò agolo tó lò fún mi. Gíráàmù 400 ni wọ́n kọ sára ẹ̀! Agolo tòmátò tó pọ̀ jù lọ́hùn-ún nìyẹn, tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ bu ààbọ̀ ẹ̀wà, ó wá da omi odidi derica sí i. Ṣé ó máa dì?

Ǹ bá ti kàn sọ fún un pé kó bu agolo méjì, kí n lọ sùn. Ẹ̀mí mi ò gbà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ti sọ̀rọ̀ ẹ̀, mo ní mo máa kọ mọ́ínmọ́ín yìí sílẹ̀ débi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá á gbé e kaná á dì. Mo lọ ra òṣùwọ̀n onínọ́ńbà, ₦9,500, owó tí mi ò ní lọ́kàn láti ná rárá. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi wọ̀n ni ẹ̀wà olóyin, derica ti ilé mi tí mo bù tó gá lórí jẹ́ gíráàmù 790. Mo wá fi ti ọjà wé e, mo ra derica mẹ́ta lọ́wọ́ obìnrin mẹ́ta ní Bódìjà, kò sí méjì tó bára mu, ọ̀kan ò tiẹ̀ pé 700. Ẹ yẹ ìdí agolo wọn wò tẹ́ ẹ bá débẹ̀, wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú, ẹ̀wà ń gá lókè ẹ rò pé wọ́n ṣe yín lóore. Látìgbà yẹn gíráàmù nìkan ni mo fi ń júwe ẹ̀wà fún èèyàn.

Ẹ̀wà rọrùn o. Omi! Omi ló fẹ́ pa mí.

Èmi fúnra mi kì í wọn omi mọ́ínmọ́ín, bí mo ṣe kọ́ ọ lọ́wọ́ Màámi ni mo ń ṣe é, ojú ni mo fi ń wò ó. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n lọ bá ẹni tó kọ́ mi. Mo gbé òṣùwọ̀n sínú báàgì, ó di Ọ̀yọ́. Màámi bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo kó o jáde, wọ́n ní ṣé wúrà la fẹ́ tà ni. Mo ṣàlàyé, wọ́n ní omi mọ́ínmọ́ín kì í níye, tó bá ti tó ó máa sọ fún ẹ. Mo wá dá ọgbọ́n kan, mo bu omi lítà kan sínú jọ́ọ̀gì, mo ní Màámi, ẹ máa bu omi bó ṣe wù yín, àmọ́ inú èyí nìkan ni kí ẹ ti máa bù ú o. Tí wọ́n bá ṣe tán, èyí tó kù ni màá wọ̀n, mo sì ti mọ èyí tí wọ́n lò. Àbí kò dáa?

Ó dáa lóòótọ́. Fóònù mi dún, mo jáde lọ gbé e, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ìgbà tí mo fi máa wọlé Màámi ti fi omi inú kòróbá ṣan bílẹ́ńdà, wọ́n ti da omi ìṣanlẹ̀ yẹn mọ́ ẹ̀wà, jọ́ọ̀gì mi wà níbẹ̀ kò dín. Mo ní Màámi kí lẹ ṣe yìí? Wọ́n ní ṣé kí ẹ̀wà ṣòfò nínú bílẹ́ńdà ni? A se é, a jẹ ẹ́, ó dùn, mi ò sì rí nǹkan kan kọ sínú ìwé.

Ọjọ́ kejì, a tún rẹ òmíràn. A bó o tán, mo tan bílẹ́ńdà, kò tíì yí lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n mú iná lọ. A retí títí, iná ò dé, ẹ̀wà sì ti ń fẹ́ kan. Ó di ilé ẹlẹ́rọ. Mo gbé jọ́ọ̀gì mi dání bí ẹni tó gbé omi àdúrà, mo sọ fún bọ̀ọ̀dá ẹlẹ́rọ pé inú èyí nìkan ni kó ti bu omi. Ó ní kò sí wàhálà. Kò sí wàhálà lóòótọ́, àfi bó ṣe tan ẹ̀rọ tán tó ki abọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ̀ọ̀, lẹ́ẹ̀kan, wọ̀ọ̀, lẹ́ẹ̀kejì. Mo pariwo. Ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, ó ní "Àǹtí, ẹ̀rọ ò lè gbé e láìsí omi." Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ń wò mí. Obìnrin kan tó gbé ata wá tiẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, omi ò wọ́n. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo gbé kòróbá mi, mo ń lọlé, inú ń bí mi débi pé mo gbàgbé jọ́ọ̀gì sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ.

Àmọ́ ìbínú yẹn ló la ojú mi. Ojú ọ̀nà ni mo wà tó sọ sí mi lọ́kàn, kí ni mo ń wọn omi ṣe gan-an? Kí n wọn ohun tó lọ, kí n wọn ohun tó bọ̀, èyí tó lé, omi ni! Gíráàmù omi kan sì ni mílílítà kan, kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta, mo wọn ẹ̀wà gbígbẹ, 600. Lẹ́yìn tí a rẹ ẹ́ tí a sì bó o, ó di 1,150, ẹ ò rí i pé ẹ̀wà ti mu omi tiẹ̀ tó ju ààbọ̀ lítà lọ kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀. (Ìdí nìyẹn tí mọ́ínmọ́ín ìyẹ̀fun ẹ̀wà fi máa ń le bí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá fi iye omi tí wọ́n ń dà sí ẹ̀wà rírẹ pò ó.) Tàtàsé, ata rodo àti àlùbọ́sà lápapọ̀ jẹ́ 350. Ìyẹn di 1,500. Mo wọn kòróbá lófìfo, mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ bá bọ̀ọ̀dá, mo ní kó da iye omi tó wù ú, ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo délé, mo yọ ti kòróbá kúrò, 1,900 ló kù. Omi ẹlẹ́rọ, 400! Mo pariwo lẹ́ẹ̀kan sí i, Màámi sáré jáde. Èyí tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, ìyẹn di ti Ọlọ́run, mi ò lè tẹ̀lé e dé ibẹ̀.

Màámi wá bu omi ẹja lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i láti inú jọ́ọ̀gì (mo ti lọ gbà á padà), 400 náà ni wọ́n lò. Àpapọ̀ omi tí èèyàn fọwọ́ dà wá jẹ́ 800. Òróró, 150. Edé, ẹja, ẹyin, ìyẹn ò níye, ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ elẹ́mìí méje kó ṣe é ní elẹ́mìí méje, apò yín ni.

Pípọn rẹ̀ sínú ewé, kíkó pòpó ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, mi ò ní sọ ìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ò bá rí ewé kó lo abọ́ kékeré tàbí fọ́ìlì, tinú ọ̀rá nìkan ni èmi ò lè jẹ. Ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kí n kọ́kọ́ pọn ẹyọ kan ṣoṣo, kékeré, kí n gbé e kaná fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n kí n tó pọn ìyókù. Tó bá ti ṣàn jù, ẹ̀ẹ́ ti mọ̀, ẹ̀ẹ́ sì rí ẹ̀wà lọ̀ kún un. Tó bá le, ẹ bu omi díẹ̀ sí i (ẹ wò mí, mo tún ti sọ díẹ̀, àádọ́ta mílílítà ni mo ní lọ́kàn). Ká ní ìyàwó wa ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ kan ni wọn ì bá dà nù. Ẹ má sì fi ohùn júwe oúnjẹ fún ẹni tó wà lókè òkun, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì bi í pé irú agolo wo ló ní nílé.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé kan, mo ya á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Manchester. Ó se é lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó dì, ó gé e sí méjì kó lè hàn pé ó dì, ẹyin wà láàárín gbagidi. Ó fi fọ́tò náà sínú gúrúùpù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àǹtí mi ló kọ́ mi, ẹ ṣeun mà. Màámi fi ohùn dáhùn pé omi ẹ̀ ì bá lé díẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ ìyá mi ń jó nínú ẹ̀. Ẹni tó ní mo fi àṣírí pamọ́ náà rí i, mo rí i pé ó rí i, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló fi síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan.