Bí a ṣe ń ṣe másítà nínú físíìsì n'Ílé-Ifẹ̀: ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe másítà nínú físíìsì, fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sáré lọ rà. Wọ́n á wọlé tán kí wọ́n tó máa wá ẹni tí yóò bójú tó iṣẹ́ wọn kiri ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù, ẹ wá olùkọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tó wù yín, kí ẹ sì wo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ni másítà sábà máa ń gbà. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀ retí ẹ̀rọ tí wọ́n ní wọ́n ń tún ṣe, ta ló fẹ́ dá oṣù mẹ́fà náà padà fún un?

Ilé-Ifẹ̀ dára fún irú ìwákiri bẹ́ẹ̀, torí ohun tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ju ẹ̀ka físíìsì nìkan lọ. Àwọn tó ń ṣe físíìsì afẹ́fẹ́ àti ojú ọjọ́ wà níbẹ̀. Ní 2004, oko ìwádìí yunifásítì yìí ni wọ́n to ẹ̀rọ sí fún ìwádìí NIMEX, láti wọn bí ooru oòrùn ṣe ń pín láàárín ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́. CERD, ibùdó ìwádìí nípa agbára, ní ẹ̀rọ Pelletron oní 1.7 MV, irú èyí tó máa ń ju prótọ́ọ̀nù lu erùpẹ̀ tàbí irin tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, kí X-ray tó bá jáde lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. ARCSSTE-E, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfuurufú àti sátẹ́láìtì, ti wà láti 1998.

Tí ẹ bá dé láàbù kankan, níbikíbi, ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ?" Wọ́n á ní àwọn ní. Ohun tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni pé: ta ló lò ó kẹ́yìn, ìgbà wo sì ni? Ẹni tó máa dá yín lóhùn bó ṣe rí gan-an kì í sábà jẹ́ ọ̀gá. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ tísíìsì rẹ̀ lọ́wọ́ tí oorun kún ojú rẹ̀. Kò ní ráyè parọ́ fún yín.

Lẹ́yìn èyí ló kan olùkọ́, ẹ má sì lọ bá a lọ́wọ́ òfo. Mi ò ní kí ẹ gbé ẹ̀bùn dání o. Ẹ wá iṣẹ́ tó kọ lórí Google Scholar, ẹ ka ọ̀kan tán kí ẹ tó kanlẹ̀kùn. "Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ka iṣẹ́ yín lórí omi abẹ́ ilẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́." Ẹni tó bá sọ báyìí, wọ́n á ní kó jókòó. Ẹni tó bá ní, "Sà, mo fẹ́ ṣe másítà, iṣẹ́ wo lẹ ní?" wọ́n á ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ náà kì í sì í tètè dé.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gùn: ìwé ẹ̀rí digirí, ìwé NYSC, èsì ìdánwò girama, àti ìwé àwọn tí yóò jẹ́rìí yín. Transcript, ìwé tó ní gbogbo máàkì yín nínú, ló máa ń da nǹkan rú, torí ilé ìwé yín àtijọ́ ló máa fi ránṣẹ́ tààrà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ tètè béèrè fún un, kí ẹ sì máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí tí yóò fi dé. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka máàkì lórí 5.00, 2.40 ni second class lower ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré sí i, PGD, ìyẹn dípólómà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn digirí, ni kó kọ́kọ́ lọ ṣe. Ẹ̀ka mìíràn lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí pọ́tà wọn lọ́dún yẹn gan-an.

Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ló ń gbé èèyàn ṣubú. Quantum mechanics, electrodynamics, statistical mechanics àti ìṣirò físíìsì á rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn ti ń kọ́ ọmọ girama láti ìgbà tó ti sin ìjọba tán, kò fojú kan differential equation mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni kí ẹ ti mú ìwé àti bírò, kí ẹ máa ṣe ìṣirò lójoojúmọ́. Fídíò wíwò kò kún un. Kí ẹ kọ́ Python náà pẹ̀lú, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tó jẹ́ pé ìṣirò gan-an ló gbádùn kò nílò ẹ̀rọ ju kọ̀ǹpútà lọ. Irú wọn lè wo ICTP, ibùdó ìwádìí físíìsì kan ní Trieste, ní Ítálì, tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní 1964. Wọ́n ní dípólómà ọlọ́dún kan fún àwọn onífísíìsì láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ẹni tí wọ́n bá sì mú kì í san owó ilé ìwé.

Tí owó yín kò bá pọ̀, iṣẹ́ ìwádìí tó wà nítòsí ilé ni mo fara mọ́. Láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, orí àpáta schist la ń rìn, wúrà wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wà á ní Ìtàgúnmodì. Ilẹ̀ sì ti là gba Ifẹ̀wàrà kọjá. Ẹ lè wọn ìtànṣán tó ń jáde lára erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde, tàbí kí ẹ wá ibi tí omi wà fún àwọn tó fẹ́ gbẹ́ kànga. Ti omi yìí, àwọn ará jiọ́lọ́jì náà ń ṣe é, kí ẹ bi olùkọ́ yín léèrè ẹ̀ka tí ẹ máa forúkọ sílẹ̀ sí.

Bí wọ́n ṣe ń wá omi abẹ́ ilẹ̀ rèé. Ẹ kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà tó gún, mítà mẹ́wàá láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ fi iná wọlẹ̀ láti ara méjì tó wà ní ìpẹ̀kun, ẹ wọn fóòtì láàárín méjì tó kù. Ẹ fi áńpíà pín fóòtì. Ká ní 3 ló jáde, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2π àti 10, ó di bíi 188.5 ohm-m, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tíì sọ nǹkan. Ẹ máa mú irin jìnnà síra kí iná lè wọ ilẹ̀ lọ; tí nọ́ńbà bá lọ sókè fíofío, ẹ ti bá àpáta líle, tó bá wálẹ̀, ó lè jẹ́ àpáta tó ti fọ́ tí omi wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ amọ̀ lásán. Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ á gbẹ débi pé iná kò ní ríbi wọ̀. Ẹ bu omi iyọ̀ sí ìdí irin. Ẹ kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi tí ẹ dúró sí sínú ìwé kan, kí ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà kí ẹ tó kúrò lóko. Kí ẹ sì ti rí baálẹ̀ àti olóko ṣáájú o, torí lágbègbè ibẹ̀, ẹni tó bá ń kan irin mọ́lẹ̀, wúrà ni wọ́n máa rò pé ó wá wò.

Ẹ má dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá parí kí ẹ tó kọ̀wé. Orí tó sọ bí ẹ ṣe wọn nǹkan, inú oko ni kí ẹ ti kọ ọ́, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà lójú yín. Níwájú olùyẹ̀wò tó máa ti ìta wá, wọn kì í béèrè ohun tó jìnnà: báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìwọ̀n yín kò ṣìnà, kí ló dé tí ẹ fi yan ọ̀nà yìí sílẹ̀ tọ̀hún? Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kan irin máa rí nǹkan sọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á to àtúnṣe sílẹ̀ fún yín. Títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i, orúkọ yín ò tíì lè dé Sẹ́nétì yunifásítì, nítorí náà ẹ má tíì dá owó ilé tí ẹ rẹ́ǹtì ládùúgbò Mayfair n'Ílé-Ifẹ̀ dúró.