Bí Mo Ṣe Yan Ológbò Tí Kò Ní Gba Àkókò Púpọ̀

Aago 5:30 ìdájí ni mo ń jáde nílé, n kì í sì í wọlé kí aago 8 alẹ́ tó lù. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nìyẹn kí n tó wo ojú ológbò kankan: wákàtí 14 àti ààbọ̀ ni ẹranko náà yóò máa dá wà lójúmọ́. Mo kọ ìyókù sí i lábẹ́: ìṣẹ́jú 15 ni mo ní fún un láàárọ̀, ìṣẹ́jú 30 lálẹ́, ilé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Mo tún béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó gbà kí n sin ológbò, nítorí ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá gbọ́ igbe ológbò lóru lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àjẹ́.

Àkọsílẹ̀ yẹn ló lé àwọn ìran ológbò olórúkọ ńláńlá lọ. Ojoojúmọ́ ni irun Persian ń fẹ́ òòyà. Bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá láìfi òòyà kàn án, irun abẹ́ apá àti ẹ̀yìn etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra wọn, á sì máa fa awọ ara. Imú rẹ̀ tó pẹlẹbẹ kì í jẹ́ kó mí dáadáa nínú ooru, omi á sì máa dà lójú rẹ̀ tí èèyàn ní láti máa nù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé Sphynx tí kò nírun kò níṣẹ́ lára. Irọ́ ni. Òróró tí irun ìbá fà mu ń dúró sára rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń fẹ́ ìwẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Siamese ń pariwo, ó sì fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a ṣeré. Bengal tí kò bá ríbi fò á wá nǹkan fọ́. British Shorthair nìkan ló sún mọ́ ohun tí mo ń wá, nítorí ó jẹ́jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tètè ń sanra. Ṣùgbọ́n ológbò ilé wa onírun kúkúrú kò fẹ́ owó ńlá, ahọ́n rẹ̀ sì ni òòyà rẹ̀. Òun ni mo yàn.

Ọjọ́ orí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọmọ ológbò dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ń jẹun lójúmọ́ títí yóò fi pé oṣù 6. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 síra títí di ọ̀sẹ̀ 16. Kò ṣeé fi sílẹ̀ fún wákàtí 14. Èyí tó ti lé ní ọdún 2 ni mo ń wá, nítorí ìwà rẹ̀ ti hàn. Mo la ẹnu rẹ̀ wò: eyín àgbà á ti pé ní oṣù 6, ti ọlọ́dún kan á ṣì funfun, lẹ́yìn ìyẹn ni eyín ẹ̀yìn ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ojú lásán la fi ń ṣírò èyí o, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.

Ohun tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi dúnàádúrà lé lórí ni pé kí wọ́n ti tẹ akọ lọ́dàá, tàbí kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kó má lè bímọ mọ́. Akọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá á máa tọ̀ sára ògiri, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Abo tó bá ń wá akọ á máa ké lóru, bí akọ kò bá sì gùn ún, á tún bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Mo béèrè káàdì dókítà ẹran, mo sì rí i pé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo yẹ ara rẹ̀ wò. Erìgì gbọ́dọ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kó má funfun. Ìdọ̀tí inú etí tó bá dúdú bí èédú lílọ̀ sábà máa ń jẹ́ ti kòkòrò etí. Mo fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya ẹ̀yìn rẹ̀ sórí tíṣù funfun tó tutù. Erùpẹ̀ lásán kì í yí àwọ̀ padà. Èyí tó bá pọ́n bí irin tó dípẹtà, ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ara mu tó sì yà sílẹ̀ ni. Mo wá jókòó sílẹ̀, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mo na ìka kan, n kò tẹjú mọ́ ọn. Èyí tó wá gbóòórùn ìka náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́. Mo jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lulẹ̀: kò burú kó ta gìrì, àmọ́ kó padà bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nínú ilé, ike ńlá 2 ni mo gbé sílẹ̀ fún ìgbẹ́ rẹ̀, iyanrìn inú rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ike bá jẹ́ ẹyọ kan tó sì dọ̀tí kí n tó dé, orí kápẹ́ẹ̀tì ni yóò lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń kó o, nítorí kòkòrò toxoplasma tó lè wà nínú ìgbẹ́ náà ń lo ọjọ́ 1 sí 5 kó tó lè ran èèyàn. Kí aláboyún má fọwọ́ kàn án rárá. Nẹ́ẹ̀tì onírin ni mo kàn sí fèrèsé, torí èékánná rẹ̀ á fa nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ya.

Oúnjẹ gbígbẹ ti ológbò ni mo ń lò, nítorí èyí tó tutù á ti bàjẹ́ nínú ooru kí n tó dé. Èyí tó wúwo tó kílò 4 ń jẹ nǹkan bíi gírámù 50 sí 60 lójúmọ́, mo sì ń wọ̀n ọ́n, mo ń pín in sí àárọ̀ àti alẹ́. Oúnjẹ ajá kò ní taurine, èròjà kan tí ara ológbò nílò, tó pọ̀ tó fún un. Ojú àti ọkàn ni àìtó rẹ̀ ń bàjẹ́. Ìrẹsì pẹ̀lú ẹja lásán kò tó. Ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà tàbí aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Parasítámọ́ọ̀ ẹyọ kan lè pa á, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin. Májèlé eku gbọ́dọ̀ kúrò nílé, torí èkúté tó jẹ ẹ́ lè wọ ẹnu ológbò.

Ọjọ́ Jímọ̀ alẹ́ ni mo gbé e wọlé, kí n lè wà nílé fún ọjọ́ 2. Yàrá kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ fi í sí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló lọ, n kò fà á jáde. Oúnjẹ tó ti mọ̀ ni mo fún un, mo sì fi ọjọ́ 7 pò ó mọ́ tuntun díẹ̀díẹ̀. Fífarapamọ́ kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n bí wákàtí 24 bá pé tí kò tíì fẹnu kan oúnjẹ, mo ti ń pe dókítà nìyẹn, nítorí ebi ọjọ́ mélòó kan lè kó ọ̀rá bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ti akọ tó ń lọ tó ń bọ̀ nídìí ike, tó ń tiraka tí ìtọ̀ kò jáde, kò gbọ́dọ̀ dọ̀la.