Bí mo ṣe gbé ara tó ti dẹ̀ dé orí eré ìṣẹ́jú 30 láìdúró

Eré tó yá jù ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dúró. Wọn a sáré fún ìṣẹ́jú méjì, wọn a máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ a wúwo bí òkúta, wọn a sì gbà pé Ọlọ́run ò dá eré sísá mọ́ àwọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Orí ohun kan ṣoṣo ni mo gbé gbogbo ètò mi kà: kí n lọ́ra débi tí mo fi lè máa sọ̀rọ̀, kí n sì kọ́kọ́ jẹ́ kí àkókò gùn kí n tó ronú nípa ìyára. Orí ìrìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ètò náà gba bí oṣù mẹ́rin, ẹni tó sanra gan-an tàbí tó ti dàgbà sì lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí aburú kankan.

Kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée, ẹni tó lóyún, àti ẹni tí àyà ti máa ń dùn tó bá gun àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Lẹ́nu eré pàápàá, bí àyà bá fún yín tàbí tó ń dùn yín, bí ìrora bá ń tàn lọ sí apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí ọkàn ń lù ségesège, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì wá ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fara dà.

Ohun méjì ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, tí mo sì kọ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí ọkàn ṣe ń lù nígbà tí ara sinmi. Láàárọ̀, kí n tó dìde lórí ibùsùn, mo fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ níhà àtàǹpàkò, mo ka ìlù náà fún ìṣẹ́jú àáyá 30, mo sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Àtàǹpàkò kọ́ la fi ń kà á, torí òun náà ní ìlù tirẹ̀ tó lè rú yín lójú. Ẹ kà á ní àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín. Láti 60 sí 100 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ìkejì ni ojú ọ̀nà kan tó tẹ́jú, tó gùn tó kílómítà kan àti ààbọ̀. Mo rìn ín kánmọ́kánmọ́, mo kọ ìṣẹ́jú tí mo lò sílẹ̀, mo sì kọ iye tí ọkàn ń lù nígbà tí mo parí. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ọ̀nà yìí lẹ́yìn náà, òun ni ẹ ó máa fi mọ̀ bóyá ara ń yí padà.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá ìwọ̀n tí kò yẹ kí n kọjá. Ẹ fi ọjọ́ orí yín sọ 0.7 di púpọ̀, kí ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 208. Fún ẹni 40 ọdún, 28 la máa yọ, ó ku 180, ìyẹn ibi tí ìlù ọkàn rẹ̀ lè ga dé ní ìṣirò. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń lù ní 80 nígbà tó sinmi, 100 ló wà láàárín méjèèjì. Ìdajì 100 yìí sí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ la ó fi kún 80, á wá jẹ́ 130 sí 145. Àárín ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìṣirò lásán ni o, ara ẹlòmíì á fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí i. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sì wà tó máa ń dín ìlù ọkàn kù, ẹni tó bá ń lo irú wọn kò lè fi nọ́ńbà yìí ṣe ohunkóhun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbára lé ẹnu ju aago lọ. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, mo máa ń sọ gbólóhùn kan tó ní bí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá jáde ketekete. Bí mo bá sọ ọ́ tán láì mí sí i láàárín, ó dára. Bí ó bá ń já lẹ́nu mi, mo dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá lè kọrin fàlàlà, mo fi díẹ̀ kún un. Ọ̀nà yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì ń bá oòrùn, òkè àti àárẹ̀ ọjọ́ náà yí padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ló jẹ́ kí ìlọ́ra yìí ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, ọkàn á sì lè ti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù. Ìyẹn ló ń mú kí ara tètè fúyẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e kì í tètè yọjú: àwọn òpójẹ̀ tín-ín-tìn-ín inú iṣan á máa pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mitochondria, àwọn ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń lo ọ́síjìn láti sọ oúnjẹ di agbára. John Holloszy, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, fi ti mitochondria yìí hàn lára àwọn eku tó ń sáré nínú iṣẹ́ ìwádìí tó gbé jáde ní 1967. Egungun àti okùn tó so iṣan mọ́ egungun ló ń lọ́ra jù, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ń gbà. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, èémí á ti máa lọ geere, ọkàn á máa sọ pé ó yá, ojúgun kò sì tíì ṣe tán. Ẹni tó bá tẹ̀ lé èémí nìkan, ẹsẹ̀ ló máa dá a padà sílé.

Ìrìn ni mo fi ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ìṣẹ́jú 20: márùn-ún wọ́ọ́rọ́wọ́, mẹ́wàá kánmọ́kánmọ́, márùn-ún wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fi márùn-ún kún un ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi márùn-ún mìíràn kún un ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo dín in padà sí 25 kí ẹsẹ̀ lè gba ìsinmi, ẹ má fo èyí bí ara tilẹ̀ ń yá yín gágá. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún di 35, ìkẹfà di 40. Ìṣẹ́jú 40 ní ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 160 lọ́sẹ̀. Bí a bá yọ ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ kúrò, 120 ló jẹ́ kánmọ́kánmọ́, ó sì ti ń sún mọ́ 150 tó kéré jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún àgbàlagbà ní 2020. Ẹni tó bá fẹ́ dúró síbí, tí kò fẹ́ sáré láé, ìlera gidi ló ti ní yẹn.

Ohun tí mo fi mọ̀ pé mo lè kúrò lórí ìrìn ni pé mo rin ìṣẹ́jú 40 tán pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tí ilẹ̀ sì mọ́ láìsí oríkèé kankan tó ń dùn mí. Ìrora fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹran itan kò burú, ọjọ́ méjì ló fi ń lọ. Ìrora inú orúnkún tàbí lórí egungun ni kò yẹ kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣe, mo sì máa ń fi ọjọ́ kan ó kéré tán sáàárín wọn. Ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń ṣáájú, òun náà ló ń kẹ́yìn. Ìpele àkọ́kọ́: mo sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 30, mo rìn fún 90, ìgbà mẹ́wàá. Ìkejì: eré ìṣẹ́jú kan, ìrìn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìgbà mẹ́jọ. Ìkẹta: eré ìṣẹ́jú méjì, ìrìn méjì, ìgbà mẹ́fà. Lẹ́yìn náà eré mẹ́ta sí ìrìn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìgbà mẹ́fà, kí ó tó di eré márùn-ún sí ìrìn méjì, ìgbà mẹ́rin. Láti ibẹ̀ ni ó ti di eré mẹ́jọ sí ìrìn méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà eré 12 sí ìrìn méjì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà 15 sí méjì lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìparí, eré 20, ìrìn méjì, eré mẹ́wàá, kí 30 tó wá ṣe pọ̀.

Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa ń lò lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ náà kọ́ ló ń gbé mi kúrò níbẹ̀ o. Ìgbà tí eré tó gbẹ̀yìn ọjọ́ náà bá lọ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, tí ẹnu mi sì ń sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ni mo ń lọ síwájú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo tún ìpele náà ṣe. Láti ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni ó máa ń le jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ múra láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Eré tí mò ń sọ yìí lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kánmọ́ lè bá yín rìn pọ̀. Ẹ má tijú. Ìgbésẹ̀ kúkúrú tó ń yára ló sàn ju ìgbésẹ̀ gígùn lọ. Kí ẹsẹ̀ balẹ̀ lábẹ́ ara, kì í ṣe níwájú rẹ̀, torí ẹsẹ̀ tó bá nà síwájú ń fi gìgísẹ̀ dá ara dúró ní gbogbo ìgbà tó bá balẹ̀, orúnkún àti ojúgun ló sì ń gba ìkọlù náà. Ẹ tú èjìká sílẹ̀, ẹ má di ọwọ́ ní ìkúùkù. Ìrìn tó wà láàárín kì í ṣe ìjákulẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí àpapọ̀ àkókò gùn láìsí pé ara fọ́.

Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo fi ń mú iṣan le, kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Mo ń dìde lórí àga kí n sì padà jókòó láì fi ọwọ́ ti ara, ìgbà mẹ́wàá, ìpín méjì, ìyẹn ni pé mo ń ṣe mẹ́wàá náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń dúró ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ kí n sì rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, ìgbà 12, ìpín méjì, nígbà tó yá mo ń fi ẹsẹ̀ kan ṣe é. Mo ń dùbúlẹ̀ gbalaja, mo ká orúnkún sókè, mo ń gbé ìdí kúrò nílẹ̀, ìgbà mẹ́wàá, ìpín méjì. Èyí tó jẹ́ ti gìgísẹ̀ yẹn ni mi ò lè fi ṣeré: òun ló ń dáàbò bo ẹ̀yìn ojúgun àti okùn tó wà lókè gìgísẹ̀.

Bí ìrora bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú ojúgun tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, iṣẹ́ ló pọ̀ lójijì. Ẹ padà sí ìrìn títí yóò fi lọ, kí ẹ wá sọ̀kalẹ̀ ní ìpele méjì. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo lórí egungun ló ń dùn bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, tó sì ń dùn lóru, ẹ dá eré dúró kí ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, egungun lè ti sán. Èyí tó máa ń gún ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn kò léwu: ẹ rìn, ẹ mí kanlẹ̀ jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí oúnjẹ tó wúwo jìnnà sí eré ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Omi mímu bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ yín ti tó fún eré tí kò tó wákàtí kan. Nínú ooru, ọkàn á yára lù lórí ìwọ̀n eré kan náà. Ẹ dín eré kù kí ìlù má kọjá ààlà, tàbí kí ẹ jáde ní ìdájí. Ní ti bàtà, kí àyè tó fẹ̀ bí àtàǹpàkò wà níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù, kí ó má sì yọ ní gìgísẹ̀.

Ní oṣooṣù ni mo ń padà sí ojú ọ̀nà tí mo wọ̀n níbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe kí n sáré tete o, ìlù ọkàn kan náà ni mo ń lò, mo sì ń wo bóyá ìṣẹ́jú ti dín. Mo tún ń ka ìlù ọkàn ní kété tí mo bá dúró, mo ń kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bí ara bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa já wálẹ̀ kíákíá. Bí ìlù òwúrọ̀ bá fi bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí oorun kò sì tó tàbí tí ibà ń bọ̀, ọjọ́ ìsinmi nìyẹn.

Nígbà tí ìṣẹ́jú 30 bá ti ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yan ọjọ́ kan nínú mẹ́ta kí ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ìyára lè wá wọlé lọ́jọ́ kan mìíràn: ìṣẹ́jú kan tó yá, ìrìn ìṣẹ́jú méjì, ìgbà mẹ́rin, ó tó. Bí ìrìn àjò tàbí àìsàn bá dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ìpele tó kẹ́yìn ṣe. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ìpele méjì. Bí ó bá kọjá oṣù kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrìn ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì máa fi èémí àti ojúgun yẹ ara yín wò bí ẹ ṣe ń gòkè padà.