Bí Ará Abẹ́òkúta Ṣe Lè Gba Ìwé Àṣẹ Ìwakọ̀ ní Ìlú Ọba

Kí ẹ tó kúrò ní Abẹ́òkúta, ẹ yẹ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín wò dáadáa, kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti páṣípọ́ọ̀tù mu, kí àkókò rẹ̀ má sì tètè parí. Òfin gbà yín láyè láti fi í wakọ̀ fún oṣù 12 láti ọjọ́ tí ẹ bá ti di olùgbé Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n wọn kì í pààrọ̀ ti Nàìjíríà fún tiwọn. Ìdánwò ni ẹ óò ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ DVLA, àjọ ìjọba Ìlú Ọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ lé e: ìbéèrè 50, tí ẹ gbọ́dọ̀ gba 43 ó kéré tán, àti fídíò tí ẹ óò ti tẹ bọ́tìnì gbàrà tí ewu bá ń yọjú, bí ọmọdé tó fẹ́ já sójú títì.

Lójú tèmi, ìdánwò ojú títì ló le jù fún ẹni tí Pánṣẹ́kẹ́ àti Lafẹ́nwá ti mọ́ lára, nítorí ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá sì dé oríta róbótó gbọ́dọ̀ dúró fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ sanwó fún olùkọ́ ìwakọ̀, bí ó tilẹ̀ pẹ́ tí ẹ ti ń wakọ̀. Kí ẹ tó wọlé sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, olùdánwò yóò ní kí ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà ní mítà 20, nítorí náà, ẹni tó ń lo awò ojú kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀ sílé.