Bí mo ṣe gba orin gìtá mẹ́rin sílẹ̀ nínú yàrá ìsùn

Gìtá kan tí kì í lo iná, ohùn ẹnu kan, máíkì condenser méjì (irú tó ń gbọ́ ohùn kékeré dáadáa), audio interface kan (àpótí tó ń so máíkì mọ́ kọ̀ǹpútà), kọ̀ǹpútà alágbèéká àti headphone tó bo etí dáadáa: ohun tí mo fi gba orin mẹ́rin náà sílẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti parí kí n tó tẹ bọ́tìnì pupa tó ń bẹ̀rẹ̀ ìgbàsílẹ̀. Ohun tí gìtá kò bá sọ nígbà tí a ń gbà á, EQ kankan (ohun tó ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀) kò lè bá a sọ ọ́.

Ọjọ́ kan ṣáájú ni mo ti pààrọ̀ okùn. Okùn tó ti gbó máa ń dún bí ẹni tí ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí gìtá náà ní wàhálà tirẹ̀: kò tíì nà tán, nítorí náà ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀ láàárín orin. Mo fi ọwọ́ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn díẹ̀díẹ̀, mo tún wọn yí, mo sì ta gìtá náà fún bíi wákàtí kan. Lọ́jọ́ iṣẹ́, mo ń fi tuner (ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá okùn ń dún bó ṣe yẹ) yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú ìgbàsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ṣe èyí yóò rí i pé ẹsẹ̀ kìíní àti ẹsẹ̀ kẹta kò ṣeé lẹ̀ pọ̀ mọ́.

Yàrá ìsùn ni mo lò nítorí pé fóòmù ibùsùn àti aṣọ máa ń mu ohùn. Ogiri lásán ńṣe ló ń dá a padà. Mi ò jókòó sí igun, torí ibẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ ń kó jọ sí. Mo fi kúbùsù tó nípọn kọ́ sí ogiri ẹ̀yìn mi, nítorí apá ibẹ̀ ni ojú máíkì kọ sí. Mo pa fáànù, mo bọ́ aago ọwọ́ àti ẹ̀wù tó ní bọ́tìnì. Bọ́tìnì tó ń kan ẹ̀yìn gìtá lè má hàn sí etí, ṣùgbọ́n máíkì ń gbọ́ ọ.

Ibi tí máíkì máa wà ló gba àkókò mi jù, bíi ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọjú rẹ̀ sí ihò gìtá, torí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ohùn ti ń jáde. Afẹ́fẹ́ inú àpótí gìtá máa ń mì ní nǹkan bíi 100 Hz (ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ihò yẹn ló sì ń gbà jáde. Bí máíkì bá wà níbẹ̀, àwọn okùn tó nípọn á máa dún bùù-bùù, wọ́n á bo àwọn tín-ín-rín mọ́lẹ̀. Iwájú fret kejìlá (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) ni mo gbé e sí, ní sẹ̀ǹtímítà 25, mo sì yí ojú rẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ọrùn ti pàdé àpótí. Lẹ́yìn náà mo wọ headphone, mo ń ta ìlà orin kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí o bá dá wà, má sún máíkì. Àga ni kí o máa sún, díẹ̀díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá sún mọ́ gìtá ju 15 lọ, ohùn ìsàlẹ̀ á wú, torí ìwà máíkì tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ nìyẹn. Bí ó bá jìnnà ju 40 lọ, yàrá ni o máa gbọ́. Nígbà tí mo rí ibi tó dùn, mo fi téèpù sàmì sí ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ igi máíkì.

Máíkì kejì, lápá bridge (ibi tí okùn ti so mọ́ àpótí gìtá), wúlò fún orin kan ṣoṣo. Ohùn kan náà kì í dé ọ̀dọ̀ máíkì méjì lásìkò kan náà, bí a bá sì pa wọ́n pọ̀, apá kan lè pa apá kejì. Mo gbọ́ ọ ní mono (gbogbo ohùn pọ̀ sí ọ̀nà kan): ohùn náà ti rù, bí èyí tó ń gba inú páìpù bọ̀. Mo sún máíkì kejì títí ara ohùn fi padà. Fún mẹ́ta yòókù, ọ̀kan péré tó.

Mo so wáyà kí n tó tan 48 V, iná tí interface ń fún máíkì condenser. 24-bit àti 48 kHz (bí ìgbàsílẹ̀ ṣe kúnná tó) ni mo lò. Apá tó le jù nínú orin ni mo ta láti fi ṣètò gain (bí interface ṣe ń gbé ohùn máíkì sókè tó), òkè rẹ̀ sì dúró ní -10 dB (dB ni ìwọ̀n agbára ohùn; 0 ni ibi tí ó ti ń fọ́). Ohùn tó bá ti fọ́ nígbà tí a ń gbà á kò ní àtúnṣe. Buffer (ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kí ó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí) wà ní 128 kí ohùn má bàa pẹ́ dé etí, mo gbé e sí 1024 nígbà mix, ìyẹn ìgbà tí mo ń pa àwọn ohùn pọ̀. Click (ìró tó ń ka ìlù fún ẹni tó ń ta) máa ń jò láti inú headphone wọ máíkì, ó sì máa ń hàn jù nígbà tí okùn ń kú lọ ní ìparí, nítorí náà mo pa á kí kọ́ọ̀dù ìkẹyìn tó dún.

Nínú orin méjì, mo fẹ́ kí gìtá gbòòrò. Mo ta á lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lọ sí òsì, èkejì sí ọ̀tún. Ẹ̀dà ìgbàsílẹ̀ kan náà kò lè ṣe é. Ńṣe ni yóò kàn pariwo sí i láàárín. Fún èkejì mo fi capo (ìdè tó ń tẹ gbogbo okùn mọ́lẹ̀) sí fret karùn-ún, mo to ìka bíi ti kọ́ọ̀dù D níbi tí àkọ́kọ́ ti lo G: kọ́ọ̀dù kan náà ni, ṣùgbọ́n wọn kò gun ara wọn.

Ohùn ẹnu ni mo gbà kẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà 18 sí máíkì.

Mix kò pẹ́. Okùn tó nípọn jù wà ní 82 Hz, torí náà mo gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 70. Mo dín 3 dB kù ní ẹ̀bá 200 Hz, níbi tí gìtá ti ń dún bí ohun tó wà nínú páálí. Compressor (ohun tó ń rẹ ohùn tó bá le jù sílẹ̀) wà ní 3:1, attack (àkókò tó ń lò kí ó tó dí ohùn mú) 30 ms (ms ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), kò sì fa ju 3 dB lọ. Attack tó bá yá jù máa ń pa ìró ìka lórí okùn. Mo dín gìtá kù díẹ̀ ní 2.5 kHz kí ọ̀rọ̀ olórin lè yọ. Ariwo ìka tó ń yọ̀ lórí okùn, mo dín in kù ní 6 dB, mi ò pa á rẹ́, torí gìtá tí kò ní in rárá máa ń dún bí ohun tí ènìyàn kò ta.

Reverb (ìró bíi ti yàrá ńlá) wà lórí send (ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí a ń gbà fi ohùn ránṣẹ́ sí i), pre-delay (àkókò kí reverb tó bẹ̀rẹ̀) 30 ms, mo sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní 250 Hz. Mo ń dín in kù títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́ lọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá pa á nìkan ni mo ń mọ̀ pé ó wà. Mo gbọ́ orin náà ní ohùn kẹ́lẹ́ láti inú spíkà fóònù, mo gbé ohùn ẹnu sókè ní 1 dB, mo sì gbé e jáde ní WAV 24-bit, pẹ̀lú òkè tí kò kọjá -1 dBTP (ìwọ̀n òkè gidi ohùn).